"Lopsided": Ẹrù Tí Ó Fì, Ta Ni Ọrùn Ń Dùn?

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wà tí ó ti di ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ fún àwọn akọ̀wé ilẹ̀ wa. Bí ìjọba bá gbé orúkọ àwọn tí ó yàn sí ipò jáde ní òwúrọ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú ẹnì kan yóò ti fi ọ̀rọ̀ náà dáhùn. Bí a bá da ọ̀dà sí títì kan tí a kò sì dà á sí òmíràn, òun náà ni a ó gbọ́. "Lopsided" ni ọ̀rọ̀ náà. A ti ń kà á fún ìgbà pípẹ́, àwa pàápàá ti fi ọwọ́ ara wa kọ ọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kò sì sí ọjọ́ kan tí a jókòó bi ara wa léèrè ohun tí ó jẹ́ gan-an, àfi ìgbà tí ìyá arúgbó kan fi ìbéèrè kan ṣoṣo dá wa lẹ́kun.

Ìpàdé ìlú ni a wà, ní ìlú kan ní apá àríwá Èkìtì. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó kàwé dáadáa dìde, ó sì ka ìwé ẹ̀bẹ̀ tí a fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ìjọba ìbílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ omi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni "lopsided" jẹ yọ lójú ewé kan ṣoṣo. Ìwé náà dùn létí, a sì pàtẹ́wọ́ fún un. Nígbà náà ni ìyá kan tí ó ń ta iṣu na ọwọ́ sókè, ó ní, "Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Èwo wá ni lọ́pù-sáìdì tí o ń pè yìí?" Ọ̀dọ́mọkùnrin náà tẹrí ba, ó dáhùn pé, "Yèyé, ó túmọ̀ sí pé nǹkan kò dọ́gba." Ìyá náà mi orí. "Nǹkan wo ni ó ti dọ́gba rí, ọmọ mi? Ìka ọwọ́ tí Elédùmarè fún wa pàápàá kò dọ́gba." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ sì pèsì jẹ. Nítorí pé àwa ni akọ̀wé ìpàdé náà, wọ́n gbé ìwé náà lé wa lọ́wọ́ pé kí a lọ wádìí ọ̀rọ̀ yìí wò, kí a sì mú èsì wá ní ìpàdé tí ń bọ̀.

A lọ, a sì wádìí. Ohun tí a rí ni pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọmọ ààfin tàbí ọmọ ilé ẹjọ́. Ọmọ etí òkun ni. Ọ̀rọ̀ méjì ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì so pọ̀. "Side" ni ẹ̀gbẹ́, èyí tí gbogbo ọmọ ilé ìwé mọ̀. "Lop" ni ó lè ṣi ènìyàn lọ́nà, nítorí pé "lop" kan wà tí í ṣe kí a gé ẹ̀ka igi kúrò, ẹlòmíràn yóò sì rò pé ẹ̀gbẹ́ tí a gé sọnù ni ọ̀rọ̀ náà ń wí. Kò rí bẹ́ẹ̀. "Lop" mìíràn wà tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ kí nǹkan rọ̀ sílẹ̀ dẹ̀dẹ̀. Òun ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe irú ehoro tí etí rẹ̀ kò nà sókè bí ti ẹgbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó wó sílẹ̀ sí ẹ̀bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kejìdínlógún, ní nǹkan bí ọdún 1711, a ti rí ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé, "lapsided" ni wọ́n sì kọ ọ́ nígbà náà. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń júwe: ọkọ̀ tí apá kan rẹ̀ wúwo ju èkejì lọ, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan wá rọ̀ sínú omi. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tó mú un gun orí ilẹ̀, tí wọ́n fi ń júwe ilé, ojú ènìyàn, àríyànjiyàn àti ìpín.

Ẹ sì wo èkejì rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "balance", láti inú èdè Látìnì ni ó ti wá. "Bi" ni méjì, "lanx" sì ni àwo ìwọ̀n. Àwo ìwọ̀n méjì tí ó kọjú sí ara wọn, èyí tí àwọn oníṣòwò ti mọ̀ láti ìgbà láéláé, ni ó bí ọ̀rọ̀ náà. Nítorí náà, kí ẹ̀yin ọlọ́jà má ṣe jẹ́ kí akọ̀wé kankan fi ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí dẹ́rù bà yín. Ọ̀kan ti ẹnu ìwọ̀n wá, èkejì ti inú ọkọ̀ ẹlẹ́rù wá. Ẹ̀yin ni ẹ ni wọ́n.

Nígbà tí a dé ibi báyìí, a wá rí i pé a kò nílò láti rin ìrìn àjò títí dé etí òkun rárá. Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ yìí kí ọkọ̀ àwọn òyìnbó tó gúnlẹ̀. "Fì" ni. Bí ọmọdé bá ti oko dé tí ó ru igi, tí igi náà gùn sí ọ̀tún ju òsì lọ, ìyá rẹ̀ yóò ké sí i láti òkèèrè pé, "Ẹrù rẹ fì o!" Fífì kì í ṣe wíwọ́, nítorí igi lè wọ́ bí akọ ejò kí ó sì jókòó jẹ́ẹ́ lórí. Fífì kì í ṣe kíkéré, nítorí ẹrù ńlá a máa fì, ẹrù kékeré a sì máa fì. Pàtàkì ibẹ̀ ni pé fífì kì í ṣe àìdọ́gba. Ibi yìí gan-an ni ọ̀dọ́mọkùnrin wa ti ṣìnà, ibẹ̀ náà sì ni ìyá oníṣu ti rí i mú.

Ẹ jẹ́ kí a fi ẹrù orí ṣe àpẹẹrẹ. Agbọ̀n kan wà tí a di iṣu ńlá méjì sí, pẹ̀lú ìgò epo kan, àti ẹ̀fọ́ díẹ̀, àti ìyọ̀ nínú ewé. Kò sí ohun méjì tí ó dọ́gba nínú rẹ̀. Síbẹ̀ obìnrin tí ó rù ú yóò gbé e ka òṣùká, yóò ju apá méjèèjì, yóò sì máa bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ tàkúrọ̀sọ títí wọn yóò fi dé ọjà. Ní ìdàkejì, ẹ mú iṣu mẹ́wàá tí wọ́n dọ́gba bí ìbejì, kí ẹ kó gbogbo wọn sí ẹ̀gbẹ́ kan agbọ̀n náà. Kí ó tó rin ogún ẹsẹ̀, ọrùn rẹ̀ yóò ti máa dùn ún. Níhìn-ín ni a ti mọ̀ pé títóbi àti kíkéré ohun tí ó wà nínú ẹrù kọ́ ni ó ń mú un fì. Bí a ti dì í ni. Ìka ọwọ́ kò dọ́gba ní tòótọ́, ṣùgbọ́n Ẹni tí ó dá a kò kó gbogbo ìka gígùn sí ọwọ́ kan, kí ó sì fi gbogbo kúkúrú sí èkejì. Ọwọ́ kò fì.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá pariwo pé nǹkan "lopsided" gbọ́dọ̀ lè dáhùn ìbéèrè mẹ́ta. Ta ni ó di ẹrù náà? Apá wo ni ó tẹ̀ sí? Ta ni ọrùn ń dùn? Ẹ ṣàkíyèsí pé ìdáhùn ìbéèrè kẹta kì í ṣe apá tí ó fúyẹ́ nìkan. Ẹni tí ó ru ẹrù ni, odindi ènìyàn. Nínú ọkọ̀ ojú omi ẹ̀wẹ̀, apá tí ó wúwo ni omi kọ́kọ́ ń wọ̀. Àwọn tí wọ́n jókòó sí apá yìí, tí wọ́n rò pé àwọn ni ìpín ṣe ojúrere sí, àwọn ni ẹsẹ̀ wọn yóò kọ́kọ́ tutù. Bí ọkọ̀ náà bá wá dojú dé, kò ní bi ẹnikẹ́ni léèrè ibi tí ó jókòó sí.

Àwa ọmọ Èkìtì mọ èyí láti inú ìtàn wa. Nígbà tí Ìbàdàn fi ajẹ́lẹ̀ jẹ lé ìlú wa lórí, tí iṣẹ́ oko àti ohun ìní ń ṣàn sí apá kan ṣoṣo, ẹrù náà fì tó bẹ́ẹ̀ tí ọrùn kò gbà á mọ́. Ní ọdún 1878, Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí gbé idà sí ajẹ́lẹ̀, Èkìtì Parapọ̀ sì dìde. Ogun Kírìjì jà títí di ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1886, tí a fi ọwọ́ sí ìwé àlàáfíà. Ìbàdàn tí ìpín ń ṣe ojúrere sí kò jèrè ọdún wọ̀nyẹn, Èkìtì kò sì jèrè wọn. Ọmọ ọ̀tún kú, ọmọ òsì kú.

Nàìjíríà náà ti rí i. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1914 ni Lugard so Gúúsù àti Àríwá pọ̀. Nígbà tí òfin Richards bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1947, ẹkùn mẹ́ta ni orílẹ̀-èdè dúró lé lórí, ilẹ̀ Àríwá nìkan sì tóbi ju ti Ìwọ̀-Oòrùn àti Ìlà-Oòrùn lọ lápapọ̀. Nínú ìbò ọdún 1959, nínú ìjókòó 312 ní ilé aṣòfin, 174 jẹ́ ti Àríwá, 73 jẹ́ ti Ìlà-Oòrùn, 62 jẹ́ ti Ìwọ̀-Oòrùn, 3 sì jẹ́ ti Èkó. Ìgbìmọ̀ Willink ti jókòó lórí ẹ̀rù àwọn tí wọ́n kéré níye, wọ́n sì ti jíṣẹ́ ní ọdún 1958 pé kí a má tíì dá ìpínlẹ̀ tuntun sílẹ̀. Ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ọdún 1967 ni a tó tú ẹrù náà palẹ̀, tí a tún un dì sí ìpínlẹ̀ 12, ní ìgbà tí ogun ti dé ẹnu ọ̀nà. Ẹni tí ó bá ti ru ẹrù rí mọ̀ pé ìgbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e ka orí ni ó rọrùn láti tún un dì. Bí a bá ti dé àárín afárá, ó di iṣẹ́ ńlá.

Títí dé ibi yìí, a mọ̀ pé àwọn òǹkàwé wa ní Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó ń mi orí pé òótọ́ ni. Nígbà tí ẹrù bá fì lòdì sí wa, gbogbo wa ni olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ilé tiwa. Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 1996 ni a dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ láti ara Ondó. Ìjọba ìbílẹ̀ 16 ni ó ní, ẹkùn mẹ́ta ni a sì pín wọn sí fún ìdìbò sí ilé aṣòfin àgbà: márùn-ún ní Àríwá, márùn-ún ní Àárín, mẹ́fà ní Gúúsù. Láti ọdún 1999 títí dé 2022, ènìyàn márùn-ún ni ó ti ipa ìbò, tàbí ìdájọ́ ilé ẹjọ́ lórí ìbò, dé orí àga Gómìnà. Níyì Adébáyọ̀ jẹ́ ọmọ Ìyìn. Ayọ̀ Fáyóṣé, tí ó jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, jẹ́ ọmọ Afàò. Ṣẹ́gun Òní jẹ́ ọmọ Ìfàkì. Káyọ̀dé Fáyẹmí, tí òun náà jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, jẹ́ ọmọ Ìṣàn. Bíọ́dún Oyèbánjí jẹ́ ọmọ Ìkọ̀gòsì. Mẹ́ta jẹ́ ti Àárín, méjì jẹ́ ti Àríwá tiwa. Gúúsù, tí ó ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, tí Ìkéré àti Ẹmùré wà nínú rẹ̀, kò rí ẹyọ kan.

A ti gbọ́ ìdáhùn àwọn ènìyàn wa sí èyí. Wọ́n ní ìbò ni a dì, a kò jí i. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹrù lè fì láìsí olè níbẹ̀. Wọ́n ní ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ni kí a yàn, kì í ṣe ẹni tí ó ti ibì kan wá. Òótọ́ ni èyí pẹ̀lú. Kò sí ọlọ́gbọ́n tí yóò fi òkúta dípò iṣu nínú agbọ̀n nítorí kí ẹrù má bàa fì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ fara balẹ̀ gbọ́ ohun tí ẹnu rẹ̀ ń wí: pé nínú ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, ní ọdún mẹ́tàlélógún, a kò rí ẹnì kan tí ó tó. Bí ará Èkó tàbí ará Àbújá bá sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí wa, ǹjẹ́ a ó gbà á? Wọ́n tún ní àwa náà ń jìyà, pé títì wa kò dára. Àwa kò sẹ́ ìyà ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 2011 wà ní Ọ̀yẹ́, ó sì ní ọgbà ní Ìkọ̀lé. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdó. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹrù fì gbọ́dọ̀ ka ohun tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ pẹ̀lú. Ìwọ̀n tí ó ní àwo kan ṣoṣo kì í ṣe ìwọ̀n.

Èyí ni a gbìyànjú láti ṣe kí ìpàdé wa tó pé. Àwa àti ọ̀dọ́mọkùnrin náà fi ẹsẹ̀ rin ìlú láti àdúgbò dé àdúgbò. Ìwé ẹ̀bẹ̀ náà ti sọ pé àdúgbò wa ni a fi ìyà jẹ nínú ọ̀rọ̀ omi. A ka ẹ̀rọ omi mẹ́ta ní àdúgbò wa, méjì nínú wọn ń ṣiṣẹ́. A kọjá odò, a ka ẹyọ kan. A dé àwọn abúlé oko tí ń jẹ́ ti ìlú wa, tí àwọn ọmọdé ibẹ̀ ń pọn omi nínú àfọ̀ tí màlúù ń mu, a kò rí nǹkankan. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kọ iye wọn sínú ìwé pélébé, kò sì sọ̀rọ̀ títí a fi padà délé. Nígbà tí a jókòó, ó ní, "Alàgbà, ẹrù náà fì lóòótọ́. Ọ̀dọ̀ wa ni ó fì sí."

Ní ìpàdé, a ṣe àlàyé ọ̀rọ̀ náà bí a ti ṣe é níhìn-ín, láti orí ọkọ̀ ojú omi dé orí òṣùká. Ìyá oníṣu ni ó kọ́kọ́ lóye rẹ̀. Ó ní, "Kí ẹ ti sọ pé ẹrù fì láti àná! Ó dáa, ta wá ni ọrùn ń dùn?" Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dìde, ó sì ka iye tí ó kọ. A kò ní purọ́ fún yín, ẹ̀yin òǹkàwé wa: ilé gbóná. Àwọn kan ní àdúgbò wa sọ pé a ti ta wọ́n, wọ́n ní akọ̀wé tí ó yẹ kí ó gbèjà ilé baba rẹ̀ ni ó ń ká ọjà fún ẹlòmíràn. Títí di òní yìí, àwọn kan ń kí wa ní ìkíni ẹ̀gbẹ́ ẹnu. Síbẹ̀ a tún ìwé náà kọ. "Lopsided" kò sí nínú rẹ̀ mọ́. Iye ẹ̀rọ omi ni a kọ sí i, àti orúkọ àwọn abúlé oko, a sì bẹ̀bẹ̀ pé kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ wọn, kí a sì tún ẹyọ tiwa tí ó bàjẹ́ ṣe. Ìwé tí ó ní iye nínú le fún olórí láti fi sí abẹ́ ìjókòó ju ìwé tí ó kún fún ọ̀rọ̀ ńlá lọ.

A kò sọ èyí láti bu ẹnu àtẹ́ lu ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ rere ni, ó sì ti inú iṣẹ́ olóòógùn jáde. Ohun tí a ń sọ ni pé kí ẹni tí ó bá fẹ́ lò ó kọ́kọ́ lọ ka ẹrù. Kí ó kà á ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀. Lẹ́yìn èyí, bí ó bá rí i pé ó fì lóòótọ́, kí ó pariwo, àwa náà yóò bá a pariwo. Atukọ̀ tí ọkọ̀ rẹ̀ fì kì í da gbogbo ẹrù sí òkun, kì í sì í bẹ̀rẹ̀ ìjà pẹ̀lú àwọn èrò. Yóò sọ fún àwọn tí ó wà ní apá tí ó wúwo pé kí wọ́n dìde, kí wọ́n sún díẹ̀.

Ìsúnsíwájú sí àárín yìí ni ó ṣòro fún wa, ní ìlú wa, ní Èkìtì, àti ní Nàìjíríà. Gbogbo wa ni ó mọ bí a ti ń ké pé ẹlòmíràn wúwo. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Wọn kò sọ pé bí ọmọ náà bá jẹ́ ọmọ tirẹ̀ nìkan. Ẹ̀yin àgbà Àríwá Èkìtì tí ẹ ń ka ìwé yìí, àwọn ará Gúúsù ti ń sọ pé orí ọmọ náà wọ́, wọ́n sì ti ń sọ ọ́ fún ìgbà pípẹ́. Àwa ni a wà lọ́jà báyìí. Ẹ jẹ́ kí a sún.